Ọkọ mi kú, ó fi bẹ́kìrì sílẹ̀: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Oṣù karùn-ún rèé tí ọkọ mi ti papò dà. Bẹ́kìrì ló fi sílẹ̀, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ, ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń pín búrẹ́dì, àti gbèsè tí mi ò mọ orí tàbí ìdí wọn. Mi ò bá wọn dá sí iṣẹ́ náà rí nígbà ayé rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n owó kì í kù sílẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní kí n tà á. Ṣé kí n tà á ni, kí n fi háyà, àbí kí n fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ kí n lọ jókòó tì í? Orúkọ àkọ́bí wa ló wà lára náílọ̀nù búrẹ́dì. Ṣé kí n yí i padà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ sí fún yín, á sì dúró ti ilé yín.

Ẹ má tíì tà á, ẹ má sì fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó dà bíi pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń po fùláwà kẹ́ ẹ tó lè jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni iye búrẹ́dì tó yẹ kó jáde nínú àpò fùláwà kan, àti iye tó ń jáde ní tòótọ́. Ẹni tó bá mọ iye méjèèjì yìí ló ni bẹ́kìrì, ì báà má lè yan búrẹ́dì ẹyọ kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ohun tí òṣìṣẹ́ bá fún un ló máa gbà. Olùkọ́ sì ni yín: kí ẹ kà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ti àná wé tòní, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ṣe látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àpò kan ṣoṣo. Àpò fùláwà jẹ́ kìló 50. Fún búrẹ́dì aládùn tí wọ́n ń tà kárí ìlú yín, ohun tó sábà ń bá àpò kan lọ ni ṣúgà kìló 5, bọ́tà kìló 2, iyọ̀ gíráàmù 600, yíìsì gbígbẹ gíráàmù 300, àti omi lítà 25. Ti ọkọ yín lè yàtọ̀ díẹ̀: àwọn mìíràn máa ń fi kún ṣúgà, àwọn mìíràn máa ń dín omi kù tí fùláwà ọ̀hún kì í bá mu omi púpọ̀. Ẹ rò ó pọ̀, gbogbo rẹ̀ á sún mọ́ kìló 83. Èyí tó máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, mọ́ ọwọ́ àti mọ́ tábìlì kò yẹ kó ju kìló 1 lọ. Kìló 82 ló máa kù tí wọ́n máa gé.

Tí wọ́n bá gé e ní gíráàmù 800 ọ̀kọ̀ọ̀kan, búrẹ́dì 102 ló yẹ kó jáde. Iná ààrò á fa omi díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà búrẹ́dì tó ti tutù á wọ̀n bíi gíráàmù 700 sí 720. Èyí kì í ṣe àdánù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti ń gé e gan-an ni kẹ́ ẹ lọ dúró. Ẹ ra òṣùwọ̀n onínọ́ńbà méjì, kékeré fún yíìsì àti iyọ̀, ńlá fún èyí tí wọ́n ń gé. Ẹ má dárúkọ olè fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn sọ pé iṣẹ́ lẹ fẹ́ kọ́. Ẹ mú ègé mẹ́wàá nínú èyí tí ẹni tó ń gé e ti gé, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá rí 795, 805, 800, 790, ọwọ́ ẹni yẹn dá ṣáṣá, ẹ yìn ín níwájú àwọn yòókù. Tẹ́ ẹ bá rí 860, 845, 850, ẹ̀ ń fi búrẹ́dì tọrẹ láìmọ̀: ní gíráàmù 850, búrẹ́dì 96 péré ni àpò náà máa mú wá, mẹ́fà ti lọ. Tẹ́ ẹ bá sì rí 750, búrẹ́dì 109 ló ń jáde. Tí ìwé tí wọ́n bá fún yín láàárọ̀ bá ṣì ń sọ pé 102, méje wà níta tí kò sí nínú ìwé kankan, àwọn oníbàárà á sì máa kùn pé búrẹ́dì yín ti kéré.

Gbogbo ìgbà kọ́ ló ń jẹ́ olè. Ojú tó ń tòògbé lè gé e láìdọ́gba. Òṣùwọ̀n tí ìyẹ̀fun (fùláwà tí wọ́n ti pò) ti gbẹ mọ́ abẹ́ àwo rẹ̀ a máa purọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ mú páálí ṣúgà kìló kan tí wọn ò tíì já, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n náà ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ẹ ó ti mọ̀ bóyá ó ṣì ń sọ òótọ́.

Náílọ̀nù ni ẹlẹ́rìí yín kejì. Búrẹ́dì kì í jáde lọ sọ́jà níhòòhò. Ẹ kó náílọ̀nù sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú fùláwà àti yíìsì, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá fẹ́ yan àpò mẹ́rin lónìí, ẹ ka náílọ̀nù 410 fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, èyí tí wọ́n lò, èyí tó ya àti èyí tó kù gbọ́dọ̀ pé 410, kí wọ́n sì fi èyí tó ya hàn yín. Nínú ìwé ńlá kan, ẹ fa ìlà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: àpò tí wọ́n já, náílọ̀nù tó jáde, búrẹ́dì tí wọ́n dì, èyí tó jóná tàbí tó fọ́, èyí tí wọ́n tà lówó, èyí tó lọ láwìn àti orúkọ ẹni tó gbà á, èyí tí wọ́n dá padà. Ẹ ṣe é fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko kẹ́ ẹ tó pinnu ohunkóhun tó tóbi.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ búrẹ́dì mẹ́fà tàbí méje nìyí. Ẹ jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ ṣe é, kẹ́ ẹ wá fi iye ọjà ọ̀sẹ̀ yìí rọ́pò rẹ̀. Ká ní fùláwà jẹ́ ₦60,000, ṣúgà ₦8,000, bọ́tà ₦5,000, iyọ̀, yíìsì àti èyí tó kù ₦3,000. Ó di ₦76,000. Ẹ fi náílọ̀nù ₦3,000 sí i, igi tàbí gáàsì ₦6,000, owó òṣìṣẹ́ ₦9,000, dísẹ́ẹ̀lì àti omi ₦3,000, owó ọkọ̀ ₦3,000. Àpò kan ti ná yín ní ₦100,000. Tẹ́ ẹ bá ń tà á fún àwọn tó ń gbà tà ní ₦1,100, búrẹ́dì 102 jẹ́ ₦112,200. Èrè jẹ́ ₦12,200, a ò tíì yọ owó àtúnṣe ẹ̀rọ. Ẹ wá yọ búrẹ́dì mẹ́fà tó bá ìgékúgèé lọ: èrè di ₦5,600. Tí wọ́n bá tún dá márùn-ún padà nítorí pé ó hu èbu, ₦100 ló ṣẹ́kù. Búrẹ́dì 11 nínú 102 ló gbé gbogbo èrè àpò kan mì, àwọn òṣìṣẹ́ ò sì parọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé iṣẹ́ ń lọ. Ó ń lọ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ibòmíràn ni owó yín wà. Nígbà ayé bàbá àwọn ọmọ, ó ṣeé ṣe kí oníṣòwò fùláwà máa já àpò fún wọn láwìn, kí wọ́n san án lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ojú bàbá ló mọ̀, òun ló fọkàn tán. Lẹ́yìn ìsìnkú, irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ kì í tà láwìn mọ́, á ní kẹ́ ẹ mú owó wá kẹ́ ẹ tó gbé. Àwọn tó ń gba búrẹ́dì tà ní Takie, ní Sábó, ní Arówómọlẹ̀ ní tiwọn ò yí padà: wọ́n gbà á lónìí, wọ́n á san án lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Owó ń jáde kíákíá, ó ń wọlé jẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń yan àpò mẹ́rin lójúmọ́, owó àpò 12 ló wà níta nígbà gbogbo. Nínú ìṣirò wa, ₦1,200,000 nìyẹn, kò sí lọ́wọ́ yín, kò sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, inú àpò àwọn oníbúrẹ́dì ló wà. Bẹ́kìrì tó ń jèrè lè ti ilẹ̀kùn lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan.

Torí náà, owó ìta ni kẹ́ ẹ tètè kó jọ. Ẹ wá ìwé kékeré tí bàbá tàbí awakọ̀ ń kọ orúkọ sí, ẹ wo fóònù rẹ̀, ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì tó wọlé láti ẹ̀yìn. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbà tà, iye tí wọ́n gbà gbẹ̀yìn, iye tó wà lọ́rùn wọn. Kẹ́ ẹ tó lọ bá wọn, ẹ bi awakọ̀, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń di búrẹ́dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí iye tí àwọn méjèèjì sọ bá dọ́gba, ó sún mọ́ òótọ́.

Ẹ má jà fún gbèsè àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kàn sá lọ bá bẹ́kìrì mìíràn. Ẹ pín in mọ́ búrẹ́dì tuntun. Ìyá kan tó jẹ ₦120,000, tó sì ń gba búrẹ́dì 40 lójúmọ́, ẹ ní kó máa san owó búrẹ́dì tòní lówó, kó sì fi ₦50 lé orí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ti àtijọ́. ₦2,000 lójúmọ́ nìyẹn, yóò parí ní ọgọ́ta ọjọ́ tó bá ń gbà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń san lówó látìbẹ̀rẹ̀, ẹ dín ₦20 kù fún un. Ẹ ó rí i pé àwìn á máa dín kù fúnra rẹ̀. Ẹni tuntun tó bá ní òun ò lè san lówó, ẹ fún un ní ìwọ̀n tí ẹ lè pàdánù láìsunkún, kí ó san ti àná kó tó gba tòní.

Gbèsè tó wà lọ́rùn bàbá náà ńkọ́? Àwọn kan á wá láìní ìwé. Ẹ gbà wọ́n dáadáa, ẹ fún wọn ní àga, ẹ kọ orúkọ, iye, ọjọ́ àti ohun tí wọ́n tà. Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé tàbí ẹlẹ́rìí wá. Ẹ má fọwọ́ síwèé pé ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Ohun ìní olóògbé ló ń san gbèsè olóògbé, kì í ṣe owó oṣù olùkọ́. Ti oníṣòwò fùláwà nìkan ni mo máa ní kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, torí ẹnu rẹ̀ ló lè tún mú àwìn padà wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn, mo sì máa fi dáhùn ohun tí àbúrò ọkọ yín sọ. Ẹ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé BN ló ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ òwò lásán ni, ohun ìní bàbá fúnra rẹ̀ ni bẹ́kìrì náà àti àkáǹtì rẹ̀. Tó bá jẹ́ RC, ilé iṣẹ́ tó dá dúró ni, ìpín tí bàbá ní nínú rẹ̀ ló di ogún. Nínú méjèèjì, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á báyìí, ẹ̀yin tàbí àbúrò ọkọ yín, àyàfi tí ilé ẹjọ́ bá ti fún ẹnì kan ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé, tí wọ́n ń pè ní Letters of Administration, tí bàbá kò bá kọ ìwé ìhágún. Ẹ béèrè ní ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí Probate Registry, ẹ̀ka ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ àjọ elétò ìkànìyàn, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun ìní, àti àwọn onídùúró ni ẹ máa kọ́kọ́ nílò. Ó máa ń gba oṣù mélòó kan, torí pé wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ má fi káàdì ATM olóògbé gba owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ nọ́ńbà rẹ̀, tó sì jẹ́ pé owó òṣìṣẹ́ lẹ fẹ́ fi san. Lọ́jọ́ tí ẹbí bá bínú, kiní yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú jáde. Ẹ ṣí àkáǹtì kan fún owó búrẹ́dì nìkan, kó má dà pọ̀ mọ́ owó oṣù yín, kí gbogbo owó búrẹ́dì gba ibẹ̀ wọlé, kó sì gba ibẹ̀ jáde. Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá fún ní àṣẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí owó gbà.

Bí ogún ṣe máa rí dá lórí irú ìgbéyàwó yín. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ní kọ́tù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ, òfin ka ìyàwó àti ọmọ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ ti Mùsùlùmí, ìpín opó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ tí olóògbé bá bímọ, èyí tí àwọn opó á pín tí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọmọ ló ń jogún, yálà wọ́n pín in ní ìdí-igi (ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) tàbí ní orí-òjorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan). Nítorí náà, orúkọ àwọn ọmọ yín ni kẹ́ ẹ máa gbé síwájú nígbà ìpàdé ẹbí. Lọ́dún 2014, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà tó ń fi ogún du opó, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Anambra. Ẹ wá agbẹjọ́rò kan tó mọ ọ̀rọ̀ ogún, ẹ bá a sọ iye owó rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí àbúrò ọkọ yín wà níbẹ̀ tó bá ṣeé ṣe. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù gbèsè ló ń ba òun náà.

Ẹ padà sínú bẹ́kìrì. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni kúrò ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó ń pò ó àti ẹni tó ń dúró ti ààrò mọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ ní kí ẹni tó ń pò ó wọn gbogbo nǹkan lójú yín nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ tó bá lóun ń lọ, àṣírí búrẹ́dì yín ò ní bá a lọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ò sì dí yín lọ́wọ́. Bẹ́kìrì púpọ̀ ló ń pò lọ́sàn-án, tí wọ́n ń gé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń jẹ́ kó wú di òru, tí wọ́n á yan án lóru, tí ọkọ̀ á jáde ní ìdájí. Wákàtí méjì ni ẹ nílò jù: aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń gé, àti aago márùn-ún sí mẹ́fà ìdájí nígbà tí wọ́n bá ń kà á sínú ọkọ̀. Owó oṣù yín ló máa bọ́ ilé ní oṣù tí búrẹ́dì ò bá tà. Ní ìlú yín, irú oṣù bẹ́ẹ̀ máa ń wá. Tí LAUTECH, yunifásítì ìlú yín, bá ti gba ìsinmi, Under-G àti Adénikẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé á pa lọ́lọ́. Ẹ bá awakọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tí ìdánwò máa parí, kẹ́ ẹ sì dín àpò kù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹni tó bá dúró kí búrẹ́dì kọ́kọ́ máa padà wálé kó tó dín in kù, á ti pàdánù àpò mélòó kan. Nígbà ààwẹ̀ Ramadan, wákàtí ló máa ń yí: wọ́n ń fẹ́ ẹ kó dé ọwọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ fún ìṣínu, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ po apá kan láàárọ̀.

Ohun tó ń ba búrẹ́dì jẹ́ pọ̀, àmọ́ díẹ̀ ló ń kó owó lọ jù. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n dì í nígbà tó ṣì gbóná. Ọkọ̀ ń dúró, awakọ̀ ń pariwo, wọ́n á rọ ọ́ sínú náílọ̀nù. Ooru á di omi lára náílọ̀nù, èbu á hù níjọ́ kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á dá a padà fún yín. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó tí atẹ́gùn ń gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ki ọwọ́ bọ ìdí rẹ̀, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má dì í. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ń tètè jáde jù, ẹ tètè po, ẹ má tètè dì.

Tí búrẹ́dì bá wó lórí, tí àárín rẹ̀ rì nígbà tó wọ ààrò, ó ti wú jù. Tó bá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tíì wú tó. Ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó tó wọ ààrò: tí ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ bá ń padà sókè jẹ́jẹ́, ó ti tó. Tó bá fò padà kíákíá, ẹ dúró. Tí kò bá padà rárá, ẹ tètè sáré gbé e wọlé. Nígbà ọyẹ́, wíwú máa ń pẹ́, ojú rẹ̀ á sì gbẹ bí awọ. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ má dá yíìsì kún un láìwọ̀n. Ní oṣù kẹta tí ooru bá mú, omi tútù ni kí wọ́n fi pò ó.

Yíìsì tó ti kú kò ní ṣe nǹkan kan, ẹ ò sì ní mọ̀ títí àpò mẹ́rin á fi ṣòfò. Tẹ́ ẹ bá já páálí tuntun, ẹ bu ṣíbí kékeré kan, ẹ fi sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Tí kò bá hó fùrọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Nígbà ooru, tẹ́ ẹ bá fa búrẹ́dì ya tí inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, tó sì ń rùn bí èso tó ti rà, kòkòrò àrùn kan tó wà nínú fùláwà tàbí lára tábìlì ló fà á, iná ààrò kì í pa á. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ẹ̀rọ àti tábìlì, ẹ fi fínígà nù ún, ẹ má sì da ìyẹ̀fun àná mọ́ tòní. Calcium propionate, gíráàmù 100 sí 150 fún àpò kan, ló ń dènà rẹ̀ àti èbu.

Kí ẹ wá tẹjú mọ́ ohun funfun kan tí ẹni tó ń po fùláwà lè máa bù láti inú ọ̀rá tí kò ní orúkọ. Ẹ bi í léèrè. Tó bá jẹ́ bromate, èròjà kan tí wọ́n fi ń mú búrẹ́dì ga, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin dè é nínú búrẹ́dì, torí àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ ohun tó lè fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó ń pò ó á ní búrẹ́dì ò ní ga mọ́. Fítámínì C, gíráàmù 2.5 sí 5 fún àpò kan, pẹ̀lú kí wọ́n rọ́ ọ dáadáa nínú ẹ̀rọ, máa ń mú un ga. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ń kọ́ ní kíláàsì wà lára àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ ìyẹ̀fun, èyí tó ní irin méjì tó ń yí, máa ń gé ìka òṣìṣẹ́ tàbí kó fa gbogbo ọwọ́ wọlé. Ẹ pe wẹ́ẹ́dà kó fi irin dí iwájú rẹ̀, kí bọ́tìnì tó ń pa á wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó lè tó. Kò sí apá aṣọ gígùn, kò sí òrùka, kò sí ẹni tó ń tòògbé nídìí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ ó mọ èrè àpò kan. Tó bá ń kù fún yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ owó àtúnṣe ẹ̀rọ, tí owó ìta sì ń dín kù, ẹ máa ṣe é lọ. Tí iye bá pé ṣùgbọ́n tí ara yín kò gbà á, háyà ló dáa jù, nígbà tí ìwé ilé ẹjọ́ bá ti jáde: ẹ ya fọ́tò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀, kí agbẹjọ́rò kọ ẹni tó máa tún ààrò ṣe sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì gba owó oṣù méjì sílẹ̀. Tí èrè kò bá sí lẹ́yìn tí ìgé ti dọ́gba, tí búrẹ́dì ò sì padà wálé mọ́, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tà á, ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ bàbá dá yín dúró. Ẹ ó sì lè fi ìwé ọgbọ̀n ọjọ́ yìí han ẹni tó bá fẹ́ rà á, kò ní ṣeé ṣe fún un láti fi owó pọ́ọ́kú rà á lọ́wọ́ yín.

Ní ti orúkọ ara náílọ̀nù, ẹ fi sílẹ̀. Orúkọ yẹn ni nọ́ńbà NAFDAC so mọ́, òun náà ni àwọn tó ń rà á mọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí nọ́ńbà náà máa parí, ọdún márùn-ún ni wọ́n sábà ń fún un, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ẹ sọ fún ọ́fíìsì wọn pé ẹni tó ni ín ti kú, ẹ mú ìwé ilé ẹjọ́ lọ nígbà tó bá jáde. Títí di ìgbà náà, ẹ má tẹ náílọ̀nù tó ju ti oṣù kan sí méjì lọ, torí tí àdírẹ́sì tàbí orúkọ oníṣòwò bá yí padà lórí ìwé, gbogbo èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ sílẹ̀ á di èyí tí ẹ ò lè lò.